Àárọ̀ Tí Ìyá Àbẹ̀jẹ́ Kò Kọrin

Ohùn Ìyá Àbẹ̀jẹ́ dà bí ilẹ̀kùn tó dípẹtà, ṣùgbọ́n orin wù ú ju oúnjẹ lọ. Nígbà tó gun pèpéle kọrin lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orin sílẹ̀," ni Bàbá Ṣẹ́yẹ, tí wọ́n jọ ń gbélé, bẹ̀ ẹ́.

Kò gbà. Àràárọ̀ ló ń kọrin nínú yàrá tó ń dá gbé.

Lọ́jọ́bọ̀, a kò gbọ́ orin. "Ìyá ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa!" ni Bàbá Ṣẹ́yẹ wí, inú gbogbo ilé dùn. Ọjọ́ Ẹtì náà pa rọ́rọ́. Ní Àbámẹ́ta la tó já ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ la bá a, ara rẹ̀ ti tutù.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Bàbá Ṣẹ́yẹ kúnlẹ̀ tì í. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọrin."