Ẹsẹ̀ Tí Àjàgbé Kò Gbé Sókè

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí nínú wa? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló rán ta níṣẹ́ nígbà náà, kí sì ni ẹni tí wọ́n jẹ́ ẹ fún ṣe tó fi dẹ́rù bà á? Ó pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, kò sì sí òórùn epo gbígbóná níbi tí mo wà yìí. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa nídìí ẹkù ní Ọ̀pẹtẹ̀dó kò tíì kúrò létí mi.

Ẹkù ni ibi tí wọ́n ti ń se ẹyìn, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n sì ń yọ epo pupa. Ti Ìyá Efúnyẹmí ló tóbi jù ní gbogbo agbègbè náà. Obìnrin náà ní òṣìṣẹ́ bí eèrà, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹkù ṣe lè tóbi tó tí yóò máa mọ ìkòkò fúnra rẹ̀, tí yóò máa hun apẹ̀rẹ̀, tí yóò tún máa hun igbà tí àwọn akọ̀pẹ fi ń gun igi. Ọ̀dọ̀ ará ìta ni wọ́n ti ń ra ìwọ̀nyí. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n lọ bá àwọn ará ìta náà, kí wọ́n yẹ ọjà wọn wò, kí wọ́n ṣa èyí tó dára wálé. Aṣojú ni wọ́n ń pè wọ́n.

Kò sí ẹni tí í di aṣojú láìlo ọdún kan gbáko lábẹ́ Baba Láníhùn. Akọ̀pẹ ni baba yìí nígbà èwe rẹ̀, kí igbà tó já mọ́ ọn nídìí lókè ọ̀pẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì.

"Apẹ̀rẹ̀ tó bá já, ẹyìn ló máa dànù," ni yóò wí fún àwọn tó ń kọ́. "Ìkòkò tó bá fọ́, epo ló máa ṣòfò. Igbà ńkọ́?"

Baba á kàn na ẹsẹ̀ náà síwájú wọn.

Bí wọ́n ṣe ń dán igbà wò nìyí. Aṣojú á bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ níwájú ẹni tó hun igbà, á fi igbà yí ara rẹ̀ ká mọ́ ọ̀pẹ, á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ara igi, á wá fẹ̀yìn tì í pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀, á sọ ara rẹ̀ jìgìjìgì lẹ́ẹ̀mẹta. Igbà kan kò gbọdọ̀ yọ sílẹ̀. Èyí tó bá máa já, kó já ní gíga orúnkún, kí aṣojú fi ìdí jókòó sílẹ̀ gbì, kí gbogbo ayé rẹ́rìn-ín.

Láràárọ̀ ni Baba Láníhùn sì máa ń bi wọ́n pé, "Ta ló rán yín?"

"Ìyá ni!"

Baba á pòṣé, á ní kí wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Kò sọ ìdáhùn fún wọn rí.

Àjàgbé ló mọ iṣẹ́ jù nínú àwọn tọdún náà. Ṣùgbọ́n Àjàgbé ti ń fẹ́ Àṣàbí, ọmọ Baba Ọdẹ́wùmí tó ń hun igbà ní Aba Ìtàkùn, ìgbéyàwó sì ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí igbà tán nílé, tí ẹyìn sì ń pọ́n lórí igi, Baba Láníhùn ní òun kò ní rán an.

"Àna kì í bá àna yẹ ọjà wò," ló wí.

"Baba, mo lè ṣe é," ni Àjàgbé dáhùn. "Ọ̀tọ̀ ni ìyàwó, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́."

Abíọ́nà, akọ̀pẹ kan tí kì í gun igi láìkọrin, bú sẹ́rìn-ín níbi tó ti ń pọ́n àdá. "Ọkọ Àṣàbí, má jẹ́ kí ojú ìyàwó bo tìrẹ o! Ìbàdí tèmi ni igbà ọ̀hún ń bọ̀ wá sùn sí."

Nígbẹ̀yìn, Baba Láníhùn gbà kó lọ. Àjàgbé dé Aba Ìtàkùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Baba Ọdẹ́wùmí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti to ogún igbà síwájú. Lẹ́yìn ìkíni, baba na ọwọ́ sí ọ̀pẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

"Ọ̀pẹ nìyẹn o, ọmọ mi."

Àjàgbé wo ọ̀pẹ, ó wo baba. Ṣé baba fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n kọ́ òun nílé ni? Kí òun bọ́ra sílẹ̀ níwájú àna, kí òun gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè bá a? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá dán iṣẹ́ àgbà wò ti sọ pé òun kò gba àgbà gbọ́.

"Háà, Baba! Ta ni mo jẹ́ tí n ó gbé ẹsẹ̀ sókè níwájú yín? Iṣẹ́ ọwọ́ yín ti kọjá ìdánwò."

Baba Ọdẹ́wùmí ti àwọn igbà náà sí i. "Ó dáa," ló wí. "Ìwọ lo mọ̀."

Ìyá Àṣàbí ti gbọ́ láti inú ilé. "Ọmọ tí wọ́n kọ́ rèé!" ló ń wí. Ìyìn yẹn ni Àjàgbé gbé délé pẹ̀lú ogún igbà.

"Ṣé o dán wọn wò?" ni Baba Láníhùn bi í.

"Gbogbo wọn, Baba."

Ẹni tó bá dán ogún igbà wò, ìlà rẹ̀ á hàn ní ìbàdí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Baba Láníhùn wo ojú Àjàgbé. Kò ní kó ká ẹ̀wù sókè.

Lọ́jọ́ kẹrin, Abíọ́nà wà lórí ọ̀pẹ ńlá kan lẹ́yìn ẹkù, ó ń kọrin. Orin náà dúró lójijì. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìdí igi, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́. Ìyàwó rẹ̀, tó wà nínú oyún, ló gbé oúnjẹ rẹ̀ dé láìmọ nǹkan kan. Ó wo ilẹ̀, ó wo igbà tó já.

"Ta ló lọ ra igbà yìí?" ló bèèrè.

Gbogbo ojú yí sí Àjàgbé.

Lọ́jọ́ kejì ni Baba Ọdẹ́wùmí dé. Àṣàbí ló fà á lọ́wọ́ wá. Baba fi ìka wá ojú ibi tí igbà ti já, ó tẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ sì ń dà bí ìyẹ̀fun. Kòkòrò ti jẹ ẹ́. Òjò ọdún náà ti pọ̀ jù, igi ìdáná tutù, èéfín tó ń lé kòkòrò kò tó lórí àjà tí wọ́n ń kó igbà sí.

"Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì láti èṣí," ni baba wí. "N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n á ní kí n jókòó sílé. Mo ní aṣojú ń bọ̀, aṣojú á bá mi wò ó. Mo fi ọ̀pẹ hàn ọ́, Àjàgbé."

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, Baba."

"Ẹ̀rù èmi? Èmi ni mo rán ọ ni?"

Baba Láníhùn wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ síwájú. Kò pariwo. "Ta ló rán ọ, Àjàgbé?"

Àjàgbé wo òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tuntun tó wà lẹ́yìn ilé Abíọ́nà. "Abíọ́nà ni," ló wí.

"Òun ló yẹ kó o bẹ̀rù," ni Baba Láníhùn wí. "Èmi náà jẹ̀bi. Ojú rẹ ni mo wò, n kò wo ìbàdí rẹ."

Igbà mọ́kàndínlógún ló kù. Àjàgbé bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ níbẹ̀, níṣojú àna, níṣojú Àṣàbí, ó ń gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀pẹ, ó ń fẹ̀yìn tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin já ní gíga orúnkún. Ìgbà mẹ́rin ló fi ìdí jókòó sílẹ̀ gbì, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dán èyí tó kẹ́yìn wò tán, Àṣàbí ti fa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Ìgbéyàwó náà kò wáyé. Àjàgbé ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Baba Láníhùn nígbà tí ìyẹn kú. Láràárọ̀, bí ó bá ti bi àwọn tó ń kọ́ léèrè ẹni tó rán wọn, kì í dúró de ìdáhùn, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ pé, "Abíọ́nà ni."

Nítorí náà, bí wọ́n bá rán ènìyàn níṣẹ́, tó débẹ̀ tán, tó wá ń tijú ẹni tó bá níbẹ̀, tó fẹ́ gé iṣẹ́ náà kúrú tàbí kó fi adùn bò ó, ìgbà náà ni àgbà máa ń pè é sẹ́yìn pé: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní Ọ̀pẹtẹ̀dó, òkè ọ̀pẹ ló máa ń wò.