Bí Àkọlé Ṣe Bọ́ Agbádá Rẹ̀ Nítorí Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ará ojú-ewé kò tíì mọ bí a ti ń dúró sójú kan, ìlú kékeré kan wà nínú fóònù Ìyá Abíọ́nà, obìnrin tó ń sin adìẹ. Ìlú náà gùn, ṣùgbọ́n kò fẹ̀. Agbo ilé àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni ti Òròmọdìẹ. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti Tòlótòló.

Àkọlé ni baálé agbo ilé Òròmọdìẹ. Agbádá rẹ̀ nìkan gba ìdajì ojúde. Nọ́ńbà ni gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀, méjì méjì ni wọ́n sì ń tò, ọjọ́ kan fún ìlà kan. Àwọn tó wà lápá òsì ni ọmọ Omi: wọ́n ń sọ iye ìgò omi tí òròmọdìẹ yóò mu. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún ni ọmọ Oògùn: wọ́n ń sọ iye ẹ̀kán oògùn tí a ó kán sínú omi náà.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ìdílé ara rẹ̀. Bí àlejò bá bi wọ́n pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" wọn yóò dáhùn pé, "Ẹ bi Bàbá wa." Inú Àkọlé a máa dùn sí ìbéèrè yìí. Ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àtàǹpàkò, ìránṣẹ́ Ìyá Abíọ́nà, ló ń mú wọn rìn. Yóò tì wọ́n lọ sókè, wọn yóò sì máa jáde lẹ́nubodè, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè rí ojú Màmá. Àṣà ìlú náà sì ni pé àgbà ló ń ṣíwájú. Ọmọ wo ni yóò kọjá níwájú baba rẹ̀? Nítorí náà, bí Àtàǹpàkò bá ti fọwọ́ kàn wọ́n, Àkọlé á ká agbádá sí èjìká, á sì kọ́kọ́ jáde. Kò bojú wẹ̀yìn rí.

Ní ọjọ́ kan, àwọn òròmọdìẹ Màmá ń wúkọ́. Wọ́n ti pé ọjọ́ méjìlá láyé, nítorí náà ìlà ọjọ́ kejìlá ni Màmá ń wá. Àtàǹpàkò tì wọ́n, Àkọlé jáde, ọjọ́ kejìlá sì yọ: Méjì lápá òsì, Méje lápá ọ̀tún.

"Ta ni ọmọ Omi nínú yín?" ni Àtàǹpàkò béèrè.

"Ẹ bi Bàbá wa," ni Méje wí.

"Bàbá yín dà?"

Wọ́n wòkè. Ẹnubodè lásán ni wọ́n rí.

"Kò burú. Omi ló máa ń pọ̀ ju oògùn. Ìwọ Méje lo tóbi, ìwọ ni ọmọ Omi."

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe bu omi ìgò méje, tó kán oògùn ẹ̀kán méjì péré sí i. Ikọ́ náà kò lọ. Ó ń le sí i ni.

Lọ́jọ́ kẹta, Àtàǹpàkò fa gbogbo wọn padà sísàlẹ̀, ó sì rí i lára Àkọlé pé ọmọ Oògùn ni Méje. Inú bí i. "Bàbá Àkọlé, irú ọmọ wo lẹ bí? Méje parọ́ fún Màmá! Màmá ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn yóò pa ojú-ewé yìí dé, àwọn kò ní ṣí i mọ́ láé."

Bàbá Tòlótòló, baálé agbo ilé kejì, bú sẹ́rìn-ín nísàlẹ̀. "Ẹ wo baba tó ń fọmọ sílẹ̀ sá! Èmi ò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà rí."

"Ta ni ẹ óò ṣì lọ́nà?" ni Àkọlé dá a lóhùn. "Ṣé Màmá ń sin tòlótòló ni?"

Ṣùgbọ́n Méje ń sunkún. "Bàbá, mi ò parọ́. Mo ní kí wọ́n bi yín. Ẹ ò sí níbẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àkọlé lára. Ó gbéra, ó tọ Olùtò lọ, obìnrin tó tẹ ìlú náà dó.

"Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n máa dúró lẹ́nubodè."

"Kí àwọn ọmọ máa kọjá lára rẹ? Ará ìlú á ní wọn kò bọ̀wọ̀ fún ọ."

"Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi títí, Ìyá, a sì sọ wọ́n di ọmọ ẹlòmíràn."

Olùtò wò ó látòkè délẹ̀. "Agbádá yìí ńkọ́? Bí o bá dúró tòun tirẹ̀, ìwọ nìkan ni Màmá yóò máa rí."

Àkọlé bọ́ ọ. Ó ku bùbá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́rùn rẹ̀.

"Èyí náà kò dára. Bí àwọn ọmọ bá ń kọjá lẹ́yìn rẹ, wọn yóò hàn gba inú aṣọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè kà yín." Ó fún un ní bùbá kíjìpá, aṣọ tó ki. "Títí dìgbà wo lo fẹ́ dúró?"

"Títí láé, Ìyá."

"Rárá o. Bí o bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ará ilé Tòlótòló bá dé, ìwọ ni yóò sọ àwọn náà di ọmọ ẹlòmíràn. Bí ọmọ rẹ ìkẹyìn bá ń jáde, mú un lọ́wọ́, kí ẹ jọ lọ."

Nígbà tí Màmá tún ṣí ojú-ewé náà láti fún àwọn òròmọdìẹ ní oògùn ọjọ́ kejìlá tí wọn kò lò tó, Àtàǹpàkò tì wọ́n. Àkọlé dé ẹnubodè, ó dúró.

"Bàbá, ẹ kọjá!"

"N kò kọjá."

Àtàǹpàkò tì í, tì í, kò mira. Àwọn ọmọ ń tẹrí ba, wọ́n ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lọ, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," títí ọjọ́ kejìlá fi yọ.

"Méje, ọmọ ta ni ọ́?" ni Àtàǹpàkò béèrè.

"Ẹ bi Bàbá wa!" Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ tán.

"Ọmọ Oògùn ni," ni Àkọlé wí. "Ẹ̀kán méje, nínú omi ìgò méjì."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ikọ́ náà ti lọ, àwọn òròmọdìẹ sì ti ń jà sí oúnjẹ.

Láti ọjọ́ náà ni Àkọlé ti tẹ́ẹ́rẹ́, tí aṣọ rẹ̀ ki, tó sì ń dúró lókè nígbà tí gbogbo ará ilé rẹ̀ bá ń kọjá. Bàbá Tòlótòló pàápàá ti bọ́ agbádá tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tíì wá kà á. Bí o bá sì rọra ti ojú-ewé náà dé ìpẹ̀kun agbo ilé Òròmọdìẹ, wàá rí Àkọlé tí ó ń jáde nígbẹ̀yìn, tòun ti ọmọ rẹ̀ tó kéré jù lọ́wọ́.