Ẹ́ńjìnnì Tí Ó Dúró, Ilé Tí Ó Ń Gbọ̀n

Ìyá àgbà ilé wa, Àwẹ̀ró, ni ó kọ́kọ́ pa àkàwé yìí, ní Ìrágbìjí, ní ọdún 1974, nígbà tí òjò àrọ̀kúrò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Oyèkànmí, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ni ó pa á fún. Ó ní kí ó jókòó, kí ó má dá sí ọ̀rọ̀ náà títí òun yóò fi parí rẹ̀. Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyí.

Ọkùnrin kan wà tí ó ní ẹ̀rọ ìlọ. Ata ni o, àgbàdo ni o, ẹ̀gẹ́ ni o, kò sí ohun tí a gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kì í lọ̀. Ilé ẹ̀rọ náà àti ilé tí ó ń gbé lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìpìlẹ̀ kan náà ni ó gbé àwọn méjèèjì dúró, ògiri kan ṣoṣo ni ó sì pààlà láàrin ẹ́ńjìnnì àti yàrá ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ó ń kọ́lé, ohun tí ó rò ni pé bí òun bá tilẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, òun kò ní jìnnà sí aya òun. Ó fẹ́ràn obìnrin náà.

Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún lágbára, ṣùgbọ́n kò lè dúró sójú kan. Bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, a sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ lọ sọ́jà. Àwọn obìnrin tí ó gbé ata wá a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Ẹlẹ́rọ, epo ni ẹ fún un mu ni, àbí ẹmu?"

"Ẹ tètè so ó mọ́lẹ̀ o, kí ó má bàa tẹ̀ lé wa délé!"

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó mú sípánà, ó dè é mọ́lẹ̀ pinpin. Ó tún ń gbọ̀n. Ó po sìmẹ́ńtì, ó rọ ọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká títí sìmẹ́ńtì náà fi bá ìpìlẹ̀ ilé di ọ̀kan. Ó dín díẹ̀. Ó wá lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó gba ọ̀pá irin ńlá kan, ó fi orí rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, ó ri ìdí rẹ̀ mọ́ inú ògiri. Ẹ́ńjìnnì bá dúró. Ó dúró jẹ́ẹ́. Ọkùnrin náà bu omi sínú ife, ó gbé e lé e lórí níṣojú àwọn obìnrin náà, omi kò dànù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà ni ife omi kì í ti í kúrò lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá a. Ó ní, "Bàbá Ẹlẹ́rọ, ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ti tan nǹkan yìí, ibùsùn mi a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwo a máa lu ara wọn lórí pẹpẹ. Eyín mi gan-an ń gbọ̀n lẹ́nu."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Wá wo ife omi."

Obìnrin náà wò ó. Ó ní, "Mo rí i. Ti ibí dúró. Ẹ jẹ́ kí a lọ wo ti inú ìkòkò mi."

"Ta ni yóò bá mi dúró ti ẹ́ńjìnnì? N óò wò ó bí mo bá pa á."

Nígbà tí ó pa á tí ó wọlé, ohun gbogbo dúró. Ó fọwọ́ kan ògiri, ògiri dákẹ́. Ó wo inú ìkòkò, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú omi kedere. Ó ní, "Ìwọ náà wò ó." Ìgbàkígbà tí ọkùnrin yìí bá wọlé ni ilé máa ń dúró, nítorí kò sí ọjọ́ kan tí ó wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Kò purọ́. Ohun tí ó rí ni ó sọ. Síbẹ̀ obìnrin náà ń rù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin náà gbálẹ̀, ó se ọbẹ̀ ilá tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú kejì. Kò bú ọkọ rẹ̀. Kò fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin náà rò pé yóò padà lọ́jọ́ ọjà. Ọjà ná, ọjà tú, kò rí i. Àárò ohùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Obìnrin náà a máa pè é láti ẹ̀yìnkùlé pé oúnjẹ ti délẹ̀, a sì máa fa ìpè náà gùn kí ó lè borí ariwo ẹ̀rọ. Nísinsìnyí, bí bẹ́líìtì bá ń yí, yóò ṣe ọkùnrin náà bí ẹni pé ó gbọ́ ìpè ọ̀hún lábẹ́ ariwo. Yóò sáré pa ẹ́ńjìnnì. Yóò tẹ́tí. Ewúrẹ́ ni yóò gbọ́, tàbí ọmọdé tí ó ń kiri.

"Kí ló dé tí ẹ pa á? Ata mi ò tíì kúnná o!"

Yóò tún tan án. Bí ó bá fẹ́ jẹun, ẹ̀gbẹ́ kan ẹní ni ó máa ń jókòó sí. Kì í na ẹsẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ bá a ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a níbi tí ó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ara obìnrin náà ti bọ̀ sípò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún.

"Ṣé o kọ̀ mí ni?"

"Èmi, kí n kọ̀ yín kẹ̀? Bí mo bá kọ̀ yín, ṣé n óò máa bi gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín dé bóyá ẹ ti jẹun? Ara mi ni kò gbà á. Ọjọ́ tí ilé bá dúró, ẹ ránṣẹ́ sí mi."

"Ilé dúró."

"Ó dúró lójú yín."

Ọkùnrin náà nìkan ni ó padà sílé. Inú rẹ̀ bàjẹ́, inú sì ń bí i pẹ̀lú, nítorí ó gbà pé wọ́n purọ́ mọ́ òun.

Kò pẹ́ sí i, ìṣó gún un lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ wú, kò lè dúró, ọjọ́ ọjà sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí òun náà ní ẹ̀rọ ìlọ ní òpin ìlú, ní kí ó lọ dùbúlẹ̀, òun yóò bá a dúró ti ẹ́ńjìnnì. Yàrá ìyàwó rẹ̀ ni ó sún mọ́ ọn jù. Ibẹ̀ ni ó dùbúlẹ̀ sí, lórí ibùsùn obìnrin náà, níbi tí òórùn àdí àgbọn tí ó fi ń para kò tíì tán lára ìrọ̀rí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì.

Ibùsùn gbọ̀n. Kì í ṣe pé ó fò sókè. Rìrì kékeré kan ni, tí kì í pọ̀ sí i, tí kì í dín kù, tí kì í sì í simi. Ó gba inú ògiri wọlé, ó gba ẹsẹ̀ ibùsùn gòkè, ó wọ egungun ẹ̀yìn rẹ̀, ó lọ jókòó sí àgbọ̀n rẹ̀. Àwo bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn lórí pẹpẹ. Ó gbórí sókè wo ìkòkò omi. Ojú omi ń wárìrì, kò rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀.

"Pa á! Pa á!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré wọlé. "Kí ló ṣe ọ́? Ẹ́ńjìnnì rẹ dúró bí àpáta. Omi tí o gbé lé e lórí ò dànù."

"Lọ́dọ̀ tìrẹ ni ó ti dúró. Gbígbọ̀n tó yẹ kó wà lára rẹ̀, èmi ni mo fi irin darí rẹ̀ sára obìnrin yìí." Ó tún dùbúlẹ̀. Ó ní, "Tan án padà."

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n pa á."

"Tan án padà. Mo fẹ́ mọ bí ọjọ́ rẹ̀ ti máa ń gùn tó."

Ó wà lórí ibùsùn náà títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́, ara rẹ̀ kò dákẹ́.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san, ó gé ọ̀pá irin náà kúrò. Ó fọ́ sìmẹ́ńtì. Ó gbẹ́ kòtò tóóró yí ẹ́ńjìnnì ká títí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fi já kúrò lára ìpìlẹ̀ ilé. Kò wá mọ ohun tí yóò gbé e lé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé, "Obìnrin tó ń gúnyán lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ni ó máa ń ká sábẹ́ odó?"

"Àpò ni, kí ẹni ìsàlẹ̀ lè rójú."

"Àwa náà yóò wá àpò tiwa."

Wọ́n gé ògbólógbòó táyà ọkọ̀, wọ́n tò ó lé ara wọn, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì lé e, wọ́n tan án. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìgbà tí wọ́n bá ń tan án àti ìgbà tí wọ́n bá ń pa á ni ó máa ń mì jù, bí ẹni pé yóò fò jáde. Bí ó bá ti wọ ìrìn rẹ̀ tán, a rọ̀, ṣùgbọ́n kì í dúró jẹ́ẹ́. Ife omi kò ṣe é gbé lé e lórí mọ́.

Àwọn obìnrin dé pẹ̀lú ata wọn. "Hẹ̀ẹ́! Bàbá Ẹlẹ́rọ, ọ̀mùtí yín tún ti dé!"

"Ẹ jẹ́ kó jó," ni ó wí. "Ìdí iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ń jó. Kò jó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni."

Ó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sídìí ẹ́ńjìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́, ó wọlé, ó bu omi sínú ìkòkò, ó dúró tì í. Ó rí ojú ara rẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó ránṣẹ́.

Obìnrin náà dé lọ́sàn-án, ẹ̀rọ sì ń lọ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn, kò tú ẹrù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Mo ń gbọ́ ọ," ni obìnrin náà wí. "Ó ń ké. Ṣùgbọ́n kò wọlé." Ó bọ́ bàtà rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àkàwé náà parí sí. Àwẹ̀ró wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Oyèkànmí, ìwọ ni mò ń bá wí. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin rẹ ti kú, o kò mì. Wọ́n wá kí ọ pé omi ló dà nù, agbè kò fọ́. O ní o gbà fún Ọlọ́run, o bá wọn rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ mọ́ o lọ sóko. Gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún ọ pé ọkùnrin ni ọ́. O ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ náà nínú ilé rẹ mọ́. Irin tí o rì mọ́ ògiri nìyẹn. Ìwọ dúró, ìyàwó rẹ ń gbọ̀n, o sì ń bi í pé kí ló dé tí òun nìkan kò lè gbàgbé. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Mo rí ẹrù náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá lọ, ilé rẹ yóò dákẹ́ dáadáa, ìwọ ni yóò kù tí yóò máa tẹ́tí. Yọ irin náà. Jẹ́ kí ohun tó ń ṣe ọ́ ṣe ọ́ ní gbangba, níbi tí obìnrin yẹn yóò ti rí i pé ìwọ náà bímọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ìwọ yóò mì jù. Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin ń sunkún, gbà á lọ́wọ́ wọn."

Oyèkànmí wolẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò mọ ibi tí n óò dúró sí."

"Ta ló ní kí o dúró?"

Ó dìde, ó lọ sílé. Ó bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ààrò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Àárò Morádékẹ́ ń sọ mí." Obìnrin náà fi ìgbákọ sílẹ̀. Wọ́n jọ sunkún títí àwọn ará ilé fi ń yọjú láti ojú fèrèsé, Oyèkànmí kò sì lé wọn. Nígbà tí wọ́n sunkún tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ọmọ náà máa ń sọ, bí ó ṣe máa ń rìn. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó lọ tú ẹrù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1974.