Iye Tí Alángbá Ń Wá

Nígbà láéláé, nígbà tí alángbá kì í mi orí àfi tí iṣẹ́ bá délẹ̀, àwọn ẹranko ní ibì kan tí wọ́n ti ń sáré. Láti ìdí igi àràbà dé etí odò ni. Ọrọọrún ni wọ́n ń sá a, kálukú a sì dá tirẹ̀ sá.

Ìdí tí wọ́n fi ń dá a sá kò le. Alángbá ni olùkà wọn, orí kan ṣoṣo ló sì ní. Bí sárésáré bá ti gbéra ní ìdí àràbà, Alángbá á bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí onítọ̀hún bá ti kan omi, á dúró, á kéde iye. Ẹni tí iye rẹ̀ bá kéré jù ni wọ́n ń fi ẹfun kọ àmì rẹ̀ sára àràbà.

Ẹtu ló ni àmì tó wà níbẹ̀. Méjìdínlógójì. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà tí wọ́n kọ ọ́ ti bímọ.

Nítorí iṣẹ́ yìí, Alángbá ní àpótí tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Erin ọba. Kò sí ẹranko kékeré mìíràn tó ń jókòó níbẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá dé odò, wọ́n á yà fún un kó kọ́kọ́ pọnmi. Ṣùgbọ́n òfin kan de àpótí náà: olùkà tó bá sọ iye nù yóò dìde, kò sì ní jókòó mọ́ títí yóò fi rí i. Alángbá kò sọ iye nù rí. Ó máa ń sọ èyí fún àlejò kí wọ́n tó bi í.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Òǹwòran ń dínkù. Láyé ìgbà kan, pápá a máa kún dẹ́nu. Nígbà tó yá, ó ku ọba, ó ku àwọn tí wọ́n fẹ́ sáré, ó ku Adìyẹ, tó jẹ́ pé ìkán ìdí àràbà ló ń bá wá.

Ìyàwó Alángbá pàápàá kò wá mọ́.

“Bàbá wọn, ẹ má bínú,” ni obìnrin náà wí. “Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá ń dá sáré lọ, kí ni kí n máa wò?”

“Iye ni kí o máa wò.”

“Ṣé iye náà ń sáré ni?”

Alángbá ní òun ń sinmi ọrùn.

Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n sáré títí, ó ku Ìgbín àti Agẹmọ. Ẹ̀rù àwọn méjèèjì yìí ń ba Alángbá. Ọjọ́ tí Ìgbín bá sáré, Alángbá kì í lè yíjú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ tí Agẹmọ bá sáré, ìyàwó rẹ̀ ló ń fi òrí pa á lọ́rùn mọ́jú. Lọ́jọ́ yìí, òjò tún ṣú.

Erin wo òkè. Ó wo Ìgbín. Ó tún wo òkè.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ sá a pọ̀,” ló wí, “ká lè tètè relé.”

Alángbá fò dìde. “Kábíyèsí, orí kan ni mo ní o!”

“Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni kí o kà. Ẹnì kejì á fara mọ́ ọn.”

Ọba ti sọ̀rọ̀. Alángbá jókòó, ó na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀. Ení, èjì, ẹ̀ta.

Ìgbín yọ orí, ó ń wọ́ lọ. Agẹmọ ń gbé ẹsẹ̀ kan, á ro ó dáadáa, kó tó gbé e sílẹ̀. Àwọn tó ti sáré tiwọn ti ń kó ẹrù wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti dé ẹnu ọ̀nà pápá kó tó bojú wẹ̀yìn.

“Ẹ dúró ná,” ló wí. “Ìgbín ti fi ìwo kan ṣíwájú.”

“Níbo?” Adìyẹ gbé orí sókè, ìkán kan ṣì ń jà lẹ́nu rẹ̀. “Irọ́ ni! Agẹmọ ti bá a!”

Bí wọ́n ṣe padà nìyẹn. Ẹni tó ti gbé ẹrù sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ariwo láti odò náà sáré wá, ìyàwó Alángbá wà nínú wọn, tòun ti ìkòkò lórí. Òjò dé, ẹnikẹ́ni kò kúrò. Ẹtu, tí kì í wá síbẹ̀ àfi láti wo àmì ara rẹ̀, ti já síwájú gbogbo wọn, ó ń ké pé, “Ìgbín, fà á! Fà á!” Lẹ́yìn rẹ̀, òjò ń fọ ẹfun kúrò lára àràbà. Kò sẹ́ni tó rí i.

Òjò dára fún Ìgbín, ó ń yọ̀ lọ geere. Agẹmọ ní tirẹ̀ yọ̀ ṣubú, ó sì di àwọ̀ ẹrẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

“Agẹmọ dà?”

“Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pa!”

“Ẹ má tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀ o!”

Alángbá ṣì ń kà. Ó ti dé ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́sàn-án. Ó kù díẹ̀ kí ìwo Ìgbín kan omi. Àfi bí ẹrẹ̀ kan ṣe la ojú létí odò. Agẹmọ ni! Ó ya ẹnu, ó na ahọ́n rẹ̀ gbọọrọ, ahọ́n sì kan omi.

“Ahọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀!”

Ohùn náà ròkè ju ti gbogbo ayé lọ. Wọ́n yíjú wo ẹni tó ni ín. Alángbá ni. Ó nàró lórí àpótí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjì dúró, ó na ọwọ́ sí odò. Orí rẹ̀ kò mì.

Erin bèèrè bó ti máa ń bèèrè, “Alángbá, mélòó?”

Ó lè mẹ́nu ba iye kan. Ẹgbẹ̀fà ó lé ogún, ta ni yóò já a nírọ́? Ó wo àpótí rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, tí omi òjò ti kún ìkòkò rẹ̀ dẹ́nu.

“Kábíyèsí, mi ò mọ̀. Ìran ni mò ń wò.”

Erin nu omi òjò kúrò lójú.

“Èmi náà ń wòran,” ló wí. “Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Kúrò lórí àpótí. Lọ wá a.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn sárésáré ti ń jọ sáré pọ̀, tí òǹwòran kì í sì í tán ní pápá. Ọ̀rọ̀ ahọ́n yẹn, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí. Láti ọjọ́ náà náà ni alángbá kì í ti í jókòó. Á sáré díẹ̀, á dúró, á mi orí. Á tún sáré díẹ̀, á tún mi orí. Àwọn àgbà ní ó já láti orí ìrókò ni, pé ara rẹ̀ ló ń yìn. Ẹ máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n kíkà ló ń kà.

Ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ bí ọmọ méjì bá bára wọn sáré kọjá nínú àgbàlá, ẹ wo ara ògiri. Orí rẹ̀ á dúró, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tẹjú mọ́ wọn títí ẹnì kan yóò fi ṣáájú. Lẹ́yìn náà, á rọra na ọrùn, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ení.