Bí Múrànà Ṣe Lọ Gbé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ ní Abà Ẹlẹ́fọ̀n

Ní ìlú Òkè-Ayán, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti dópin tí ọ̀dàn gbalasa sì bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Múrànà. Ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún mọ́kànlélógún kí ó tó ra jíìpù àlòkù kan lọ́wọ́ àwọn tó ń la ọ̀nà. Jíìpù náà ga, ó lágbára, kò sì ka kòtò sí. Òun ni Múrànà fi ń kó àgbàdo, iṣu àti èso igbá tí wọ́n fi ń ṣe irú wá sí ìlú láti àwọn abà tí ọkọ̀ mìíràn kò lè dé. Òun nìkan ló sì máa ń lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ṣé ẹ̀rù kì í bà á láti máa dá wọ inú ọ̀dàn tí ènìyàn lè rìn láti àárọ̀ di ọ̀sán láìpàdé ẹnì kan, yóò rẹ́rìn-ín, yóò fọwọ́ lu jíìpù náà ní ìhà.

"Kí ni mo fẹ́ fi ènìyàn ṣe? Ẹ̀yin ń pe eléyìí ní ọkọ̀. Ẹṣin ni."

Bùsàrí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ń dáko ní Abà Ẹlẹ́fọ̀n, ìrìn bíi wákàtí méjì fún jíìpù. Bùsàrí ló tọ́ Múrànà dàgbà nígbà tí bàbá wọn kú. Òun náà ló mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Ohun tí Bùsàrí bá sọ, Múrànà kì í já a ní koro.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Tìjání, tí òun àti Bùsàrí jọ ń gbé abà, gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà Múrànà. Eruku ti kùn ún láti orí dé ẹsẹ̀, èémí rẹ̀ ń já pàtìpàtì.

"Bàbá Ràfíù," ni ó wí, "ẹ̀gbọ́n yín já bọ́ lórí igi igbá nírọ̀lẹ́ àná. Itan rẹ̀ ọ̀tún ti kán. Kò lè dìde, kò sì sùn mọ́jú. Wọ́n ní kí ẹ tètè wá fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù."

Múrànà kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré wọlé, ó fa bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn jíìpù kí ara má baà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ọ̀nà. Sínátù, ìyàwó rẹ̀, tẹ̀ lé e jáde.

"Bàbá Ràfíù, ẹ jẹ́ kí Tìjání fi nǹkan sẹ́nu, kí ẹ jọ lọ. Wọ́n ní wọ́n ti sun ìgbẹ́ lápá ibẹ̀ yẹn. Ojú ọ̀nà á ti yàtọ̀."

"Ojú ọ̀nà wo? Èyí tí mo lè di ojú mi rìn?"

"Omi ńkọ́? Ẹ ò gbé omi."

"Wọ́n ní itan ẹ̀gbọ́n mi kán, ìwọ ń sọ omi! Bí mo bá débẹ̀, màá mu omi."

Kí Sínátù tó tún la ẹnu, jíìpù ti bú ramúramù, ó ti lọ.

Fún wákàtí kan àkọ́kọ́, kò sí ohun tó ṣe Múrànà. Lẹ́yìn náà ni ó wọ ibi tí iná ti jó. Ilẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò lọ́tùn-ún, ó dúdú lósì, ó dúdú níwájú. Koríko tó máa ń ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ kò sí mọ́. Eérú ti bo ipa táyà rẹ̀ àtijọ́, ọyẹ́ sì ti mú ojú ọ̀run funfun bí ẹni da ẹ̀kọ mọ́ ọn. Ó dé ibi tí ó mọ̀ sí oríta méjì, ó bá ọ̀nà mẹ́ta níbẹ̀. Ó tẹ bíréèkì. Ọ̀nà méjì ni ó ti ń bá níbẹ̀ láti ọdún tó ti ń rìn ín. Ta ló la ẹ̀kẹta? Ó wo ọ̀kan, ó jọ ọ̀nà abà. Ó wo èkejì, ó tún jọ ọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ ojú ilẹ̀ wò, eérú nìkan ló lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀. Níkẹyìn ó gba ọ̀nà àárín, ó ní kò sí bí ọ̀nà àárín ṣe lè ṣi ènìyàn lọ́nà púpọ̀.

Kò pẹ́ tí ó fi já sí odò kan tí ọyẹ́ ti gbẹ pátápátá. Ara tún fu ú. Odò Awẹ́rẹ́ ni ó yẹ kó kan, òkúta ló sì wà nísàlẹ̀ Awẹ́rẹ́. Yanrìn funfun lẹ́búlẹ́bú ló wà nínú èyí. Ó rò pé bóyá àgbàrá òjò tó kọjá ló gbé yanrìn wá. Ó rò pé bóyá òun ló ń gbàgbé. Ó tẹná mọ́ jíìpù, ó sọ̀ sínú odò, kò sì dé àárín rẹ̀ tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. Ó tẹná sí i. Yanrìn ń fò lẹ́yìn, jíìpù ń wọlẹ̀. Ó fẹ̀yìn rìn, ó tún wọlẹ̀. Nígbà tí yóò fi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ikùn ọkọ̀ ti jókòó sórí yanrìn bí adìyẹ tó sàba.

"Kò burú," ni Múrànà wí. "Jáàkì dà?"

Ẹ̀yìn àga ni jáàkì máa ń wà. Ó nawọ́ síbẹ̀, ó bá àkísà. Ó tún na ọwọ́, ó bá agolo òfìfo àti bàtà ẹsẹ̀ kan tí kò mọ ẹni tó ni ín. Ó tú gbogbo ọkọ̀, ó gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Kò sí jáàkì. Olè ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó ka àwọn tó gbé lọ́sẹ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fura sí wọn. Ó tiẹ̀ fura sí àlùfáà tó gbé dé ọjà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó jókòó sórí yanrìn, ó di orí mú. Níbo ni ó ti rí jáàkì yẹn gbẹ̀yìn? Ìgbà náà ni ó rántí. Ní ọjọ́ Sátidé ni ikán jẹ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tán, tí òrùlé sì ń tẹ̀ bọ̀ wálẹ̀. Ó to búlọ́ọ̀kù lérí ara wọn, ó gbé jáàkì lé e, ó fi gbé igi àjà sókè, ó ní tó bá di ọ̀la òun yóò wá òpó tuntun. Ọ̀la náà kò tíì dé. Ṣọ́bìrì ńkọ́? Òun ni ó fi po amọ̀ ìdí búlọ́ọ̀kù náà. Okùn tó fi ń fa ọkọ̀ sì wà lọ́rùn àgbò tí wọ́n ń sìn de iléyá.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wa yanrìn. Bí ó ti ń wà á ni òmíràn ń ya wọlé. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi wá, ó kì í sábẹ́ táyà, ṣùgbọ́n iná ti jó gbogbo igi agbègbè náà. Bí táyà ti yí báyìí, ẹ̀ka di èédú, ó sì rún wómúwómú. Òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́. Ó tú omi díẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì, ó gbé e sẹ́nu. Ìpẹtà ni ó tọ́ wò. Ó tu ú dànù, ó ń wúkọ́.

Ó pinnu láti rìn. Ṣùgbọ́n apá ibo? Oòrùn kò ní ojú nínú ọyẹ́. Ńṣe ni gbogbo ọ̀run funfun bákan náà. Ó ní abà ń bẹ níwájú, ó sì kọrí síwájú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì ọ̀gán kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ òmíràn. Òkìtì ọ̀gán kẹta jọ èkíní débi pé ó dúró, ó yí i po. Kò mọ̀ bóyá òun ń lọ ni tàbí òun ń bọ̀. Ohùn Bùsàrí ń dún sí i létí, ó ń bi í pé kí ló ń ṣe tí kò tíì dé.

Ó ti rìn títí tí ẹsẹ̀ fi ń wọ́ ọ nílẹ̀ nígbà tí ó rí jíìpù kan lọ́ọ̀ọ́kán nínú kùrukùru. Inú rẹ̀ dùn débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ dúró dè mí! Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ gbà mí o!"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Nígbà tí ó súnmọ́ ọn, ó rí i pé ọkọ̀ àwọn náà rì sínú yanrìn. Àánú wọn ṣe é. Ó yọjú wo inú rẹ̀, ẹnu sì yà á pé àwọn náà tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dá bàtà ẹsẹ̀ kan náà mọ̀ lórí àga. Jíìpù ara rẹ̀ ni. Ó jókòó ti táyà, ó sì ń ké gbà-mí-gbà-mí lọ, kò mọ ẹni tó ń ké sí.

Lẹ́yìn àkókò kan ó gbọ́ ohùn ènìyàn. Ó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n gbé nǹkan gbọọrọ léjìká, wọ́n ń ti inú kùrukùru bọ̀. Òkú ta ni wọ́n ń gbé lọ? Ó dìde, ó ṣí fìlà, ó sún sẹ́yìn bí ó ti yẹ kí ènìyàn ṣe fún òkú.

"Ṣé Bàbá kékeré nìyẹn?" Láwànì ni, àkọ́bí Bùsàrí, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ti bí ọmọ mẹ́ta. "Bàbá kékeré, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

Orí ẹní tí wọ́n dè mọ́ igi gbọọrọ méjì ni Bùsàrí wà, ojú rẹ̀ ti wọnú, itan rẹ̀ sì wú bí àpò ọkà. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń retí jíìpù. Nígbà tí wọ́n kírun ọ̀sán tán tí wọn kò rí i, wọ́n gbé e, wọ́n ní àwọn yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú. Orí ọ̀nà ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbọ́ igbe. Àwọn tó gbé e fẹ́ kọjá lọ, nítorí wọ́n rò pé iwin ni. Bùsàrí ló ní kí wọ́n yà, ó ní ohùn àbúrò òun ni.

"Orí ọ̀nà?" ni Múrànà béèrè. "Níbo ni ọ̀nà wà?"

Láwànì nawọ́ sí ẹ̀yìn igi mélòó kan. Kò jìnnà ju ibi tí ènìyàn lè sọ òkò dé lọ. Ipa màlúù ni Múrànà ti gbà láti oríta, ó ti ń rìn yí ara rẹ̀ po nítòsí ọ̀nà abà láti ọ̀sán.

Bùsàrí yí ọrùn, ó wo jíìpù, ó wo àbúrò rẹ̀.

"Múrànà."

"Bùọ̀dá mi."

"Jáàkì ńkọ́?"

Múrànà wolẹ̀. "Ó wà nílé."

"Kí ló ń ṣe nílé?"

"Ó ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró, Bùọ̀dá mi."

Àwọn tó dúró kò mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n sunkún.

"Ó dáa," ni Bùsàrí wí. "Ẹ gbé mi sílẹ̀. Ẹ tú igi tó wà lábẹ́ mi, kí ẹ fi gbé ọkọ̀ ẹni tó wá gbé mi."

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí yanrìn lásán, wọ́n fi etí fìlà sí i lẹ́nu kó máa gé e jẹ. Wọ́n fi igi méjèèjì kọ́ abẹ́ jíìpù. Ọ̀kan dá. Wọ́n fi èyí tó kù gbé ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ru òkúta wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n kó o sábẹ́ táyà, wọ́n tún bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Múrànà kò lè wo apá ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Nígbà tí jíìpù jáde, oòrùn ti fẹ́ wọ̀, ohùn Bùsàrí kò sì jáde mọ́.

Wọ́n dé ọsibítù. Bùsàrí kò kú. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún wọn pé ká ní wọ́n ti dé láàárọ̀ kí itan náà tó wú báyẹn ni, egungun ìbá jókòó sí àyè rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà jinná, ó sì kúrú ju ìkejì rẹ̀ lọ. Títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ni Bùsàrí fi tiro.

Ọjọ́ tí Múrànà ti ọsibítù padà délé, kò tíì jókòó tí ó fi lọ yọ jáàkì lábẹ́ igi àjà. Apá kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ wó lulẹ̀ gbìì. Sínátù jáde wá wò ó. Múrànà gba inú eruku kọjá, ó gbé jáàkì sẹ́yìn àga jíìpù, ó padà wá tú okùn lọ́rùn àgbò.

Bùsàrí kò bá a jà rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá bi í léèrè ohun tó ṣe é lẹ́sẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀, yóò nà án sí iwájú, yóò sì sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn ará Òkè-Ayán ti gbọ́ ọ, tó fi di ohun tí àgbà wọn ń wí fún ẹni tó bá fẹ́ dá wọ ọ̀nà jíjìn láìmúra, pé jáàkì ilé kì í gbé ọkọ̀ oko.