Àpáta Tó Kún Fọ́fọ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, àgbà àti màjèṣín, mo kí yín kú ìrọ̀lẹ́, mo kí yín kú etí dídẹ̀. Èmi Ọdẹ́búnmi ará Ìdí-Arère ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀, obìnrin tó ń gbé ìbọn kọ́ èjìká bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbé igbá karí.

Nígbà tí Ọdẹ́rìndé ọkọ mi kú, àwọn ọdẹ ní kí n kó ohun ìṣọdẹ rẹ̀ wá kí àwọn fi ṣípà fún un, kó lè yọwọ́ nínú ẹgbẹ́, kó máa lọ ní àlàáfíà. Mo kó apó, mo kó agbè, ṣùgbọ́n mo di ìbọn mú bí ọ̀bọ ṣe ń di ọmọ rẹ̀ mú. Wọ́n ní àdáṣe níí hunni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ìbọn òkú kiri kò lè bá àwọn wọ igbó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di àdáṣọdẹ, tó fi jẹ́ pé ajá mi, Bánidélé, nìkan ló ń dá mi lóhùn nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ká mi mọ́ igbó, mo sá wọ ihò àpáta, mo koná eèdú láti yan òkété tí mo pa. Kò pẹ́ ni òkè ya lulẹ̀, ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò pa, ó ku ojú kékeré kan tí kò ju ọrùn ọwọ́ lọ. Bánidélé ṣubú lulẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, orí èmi náà sì ń lù kìkì bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀. Ni ògiri ihò bá ń dán bí fàdákà.

“Obìnrin, pẹ̀lẹ́ o,” ni ògiri wí.

Ẹni tí orí ń fọ́ kì í bi ògiri pé ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀. Mo ní, “Ẹ ṣeun, bàbá. Kí ló ń pa ajá mi?”

“Páládíọ̀mù lorúkọ mi, irin iyebíye inú àpáta ni mí. Eèdú rẹ ló ń bí èéfín tó ń pa á, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Wo ara mi.”

Mo wò ó. Èéfín náà ti di èèyàn kéékèèké, tín-ín-rín bí irun, wọ́n jókòó pitimu sára rẹ̀ bí eṣinṣin lójú ọgbẹ́. Láti ojú ihò, afẹ́fẹ́ rere tí à ń mí sínú ń wọlé ní méjì méjì bí ìbejì, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń fò kiri.

“Ẹ sún fún wa!” ni àwọn ìbejì ń pariwo.

“Ká sún lọ síbo? Sórí ìyá yín?” ni àwọn èéfín fi dá wọn lóhùn.

Àpáta mí kanlẹ̀. “Àfi tí ìbejì bá rí àyè méjì tó fara kanra. Wọn a jókòó, wọn a já ọwọ́ ara wọn sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì dì mọ́ èéfín kan. Wọ́n di èémí lásán nìyẹn, irú èyí tí ìwọ náà ń mí síta, wọn a sì fò lọ. Ṣùgbọ́n ara mi ti tutù. Ìgbóná nìkan níí lé èéfín dìde.”

“Bí gbogbo wọn bá lọ, ẹ̀yin ńkọ́?”

“Bí mo ṣe wà náà ni mo ń wà. Orí mi ni gbogbo wọn ti ń rí ẹnìkejì, kò sì sẹ́ni tó ń dúró tì mí.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi, torí bí ilé mi ṣe rí gan-an nìyẹn.

Mo ní, “Kí n da eèdú sí i?”

“Kó lè tún bí sí i? Iná tó ń jó lala ni mo fẹ́!”

Gbogbo igi ibẹ̀ ló ti rin gbingbin, àfi ìdí ìbọn Ọdẹ́rìndé, igi tí ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ pa títí tó fi ń yọ̀ bí ọ̀rá. Mo wo ìbọn, mo wo ajá. Mo ní, “Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.” Mo fi àdá là á, mo da epo àtùpà ọdẹ tó wà nínú àpò mi sí i, mo finá sí i nídìí ògiri.

Ògiri gbóná. Èéfín kan dìde, àwọn ìbejì kò rí i bà lé. Èkejì dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n bà síbẹ̀ gbì! Wọ́n já ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n gbá èéfín mọ́ra, wọ́n sì gba ojú ihò lọ láì dágbére. Àyè wọn tún ṣí fún ẹlòmíràn, ó ń ràn kiri ara ògiri bí iná ọyẹ́ nínú koríko.

Bánidélé sín. Ó dìde, ó gbó, ó gbó, títí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ ọkọ mi tó ń kọjá fi gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀.

Ọdẹ́gbèmí olórí wọn yọjú. “Ìyá, ṣé ẹ ti di òkété ni?”

“Òkété wo ló ń gbó? Gbẹ́lẹ̀, jàre!”

Ó rí irin ìbọn lásán lọ́wọ́ mi. “Ìdí rẹ̀ dà?”

“Mo ti ṣípà fún un.”

Ó ṣí fìlà fún ọkọ mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo dágbére fún àpáta. Ó ń dán, ó mọ́ fónífóní, kò sẹ́nì kankan lára rẹ̀. Lójú ọ̀nà, àwọn ọdẹ sún, wọ́n fi mí sáàárín.

Ẹ gbọ́ o. Ẹ má koná eèdú sínú yàrá tí ẹ tì. Ẹ má sì jẹ́ kí òkú gba gbogbo ìjókòó inú yín, torí ìtùnú a máa dé ẹnu ọ̀nà, a sì padà bí kò bá ríbi jókòó. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Ẹ rọra máa lọ, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ́ o.