Ìyẹ́ Funfun Abẹ́ Apá Àkùkọ

Ọkùnrin kan wà, adìẹ ló ń sìn. Kì í ṣe adìẹ ẹlẹ́yin, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún ọdún. Àwọn kékeré tí ẹsẹ̀ wọn kúrú ni, tí àwọn ọlọ́sìn ń pè ní bántámù. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń pàtẹ irú adìẹ bẹ́ẹ̀ ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan, tí àwọn onídàájọ́ á máa gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrù gbọ́dọ̀ nà sókè, ogbe gbọ́dọ̀ pọ́n, ìyẹ́ gbọ́dọ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Bí ìyẹ́ funfun kan ṣoṣo bá wà lára adìẹ, wọ́n á dá a padà sínú àgò rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni ọkùnrin yìí fi gba ipò kìíní. Wọ́n ń pè é ní Baba Adìẹ Dúdú, inú rẹ̀ a sì máa dùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ará ìta kò mọ̀. Ìyẹ́ funfun kan tàbí méjì a máa yọ lábẹ́ apá àwọn àkùkọ rẹ̀. Ó yẹ kó ya irú àkùkọ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, kó má jẹ́ kó gun abo kankan, kó fi se ọbẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti di àárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ, á gbé àkùkọ lé itan, á ṣí apá rẹ̀, á fa ìyẹ́ funfun náà tu, á wá fi àdín díẹ̀ pa ojú ibẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí pé kò sẹ́ni tó bi í. Ìwọ náà mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Opó kan wà ní àdúgbò kejì tó ń sin irú adìẹ kan náà. Ìyá rẹ̀ ló fi àgbébọ̀ mẹ́rin sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ìran àwọn àgbébọ̀ náà kò yọ ìyẹ́ funfun rí. Nígbà tí akọ tó wà pẹ̀lú wọn kú, opó yìí wá bẹ Baba Adìẹ Dúdú pé kó yá òun ní àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò kìíní. Kí ni baba ì bá sọ? Bó bá kọ̀, obìnrin náà á béèrè ìdí. Ó gbé àkùkọ fún un, ó tiẹ̀ tún ṣàdúrà sí i.

Ọjọ́ ìpàtẹ ọdún kejì pé. Opó náà wá, ṣùgbọ́n kò gbé adìẹ kankan dání. Ó lọ bá baba níbi tó dúró sí láàárín àwọn onídàájọ́, ó kúnlẹ̀.

"Baba, ẹ má bínú sí mi. Àkùkọ yín kò ní àbùkù, gbogbo ayé ló mọ̀. Àwọn àgbébọ̀ mi ni kò dáa. Gbogbo ọmọ tí wọ́n pa ló ní funfun lápá. Mo ti dúńbú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n má bàa ba irú adìẹ yín jẹ́. Ẹ forí jì mí, sà."

Àdín àárọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà ní ìka baba. Ojú tì í débi pé ó ń wá ibi tí yóò fi ọwọ́ pamọ́ sí. Ó fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn onídàájọ́ ń wò ó, ó sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń wí pé, "Dìde, ọmọ mi. Mo ti dárí jì ọ́."

Ó dárí jì í, Oyèkànmí! Wọ́n tún fún un ní ipò kìíní lọ́jọ́ náà. Kò lè gbé ojú sókè. Àgbébọ̀ mẹ́rin tó mọ́ ti wọ ìkòkò ọbẹ̀, kò sì sí irú wọn mọ́ níbikíbi.

O wá bá mi láàárọ̀ yìí pé ọmọbìnrin rẹ jí ìwé wò nínú ìdánwò, wọ́n sì lé e nílé-ẹ̀kọ́. O ní ilé ìyá rẹ̀ ló ti gbé ìwà náà wá. Ìyàwó rẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́ tẹkúntẹkún, o ní kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, o wá fẹ́ kí n bá ọ sìn ín lọ fún àwọn òbí rẹ̀.

Oyèkànmí, ìbọ̀sẹ̀ ta ni mo ti bá ìwé pélébé nínú ìdánwò àṣekágbá? Èmi ni olùkọ́ rẹ. Èmi náà ni mo yọ ọ́, tí mo fi sápò, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ mi ta gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yòókù yọ. Èmi ni mo fa ìyẹ́ funfun yẹn tu. Ọgbọ̀n ọdún nìyí, ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí bí mo ṣe jókòó yìí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó ti bá wa, èmi àti ìwọ. Dìde, ká lọ kí obìnrin náà tó jáde nílé. Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá kan ìwọ, má sọ fún un pé o ti dárí jì í. Dọ̀bálẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́.